Ṣokoléètì Wẹ́wẹ́ Inú Ìgò Loretta

Bí Hàlówíìnì, ọdún táwọn ọmọdé máa ń múra bí ẹranko tàbí òkú láti gba súìtì kiri, bá ti ku ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù súìtì Loretta Pasquale ní gúúsù Philadelphia máa ń kún débi pé kò ní gbèrò mọ́. Bisikíìtì olójú ológbò, kéèkì elégédé, súìtì tó rí bí eyín òkú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, àwọn oníbàárà tò dé ẹnu ọ̀nà.

Loretta ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, Àǹtí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ohun kan wà tí kì í gbà rárá: ọ̀rá tí wọ́n fi kó súìtì wá láti ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ hàn nínú ìsọ̀ rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn. Á tú súìtì sínú ìgò ńláńlá, á sì ju ọ̀rá nù. Ó ní súìtì lòun ń tà, òun kì í ta ọ̀rá.

Yvonne, aládùúgbò rẹ̀, wọlé pẹ̀lú Corinne, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ti múra bí oyin láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò pé ẹ̀pà ò bá Corinne lára mu.

"Ayaba oyin ti dé!" ni Loretta kígbe. Ó na àpò bébà kékeré kan tó fi rìbọ́ọ̀nù so sí i. "Tìẹ rèé lọ́tọ̀. Ṣokoléètì oníràwọ̀ tó o fẹ́ràn nìkan ni mo kó síbẹ̀."

Kíá, Corinne ti bó ọ̀kan, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Corinne, dúró ná." Ohùn ìyá rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà dúró. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá tó bá èyí wá dà? Mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é."

"Ọ̀rá kẹ̀? Ó ti wà nínú ike ìdọ̀tí. Ṣebí ṣokoléètì yìí lọmọ yìí ti ń jẹ látìgbà tó ti héyín!"

"Èyí tó tóbi ló ń jẹ, Àǹtí. Wẹ́wẹ́ ọdún lèyí."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ó kéré ni, kò ya wèrè!"

Àwọn tó tò bú sẹ́rìn-ín. Yvonne ò rẹ́rìn-ín.

"Ilé iṣẹ́ kan náà lè ṣe é, kó má jẹ́ ẹ̀rọ kan náà. Wọ́n lè ṣe wẹ́wẹ́ ọdún lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe súìtì ẹlẹ́pà. Nígbà míì, wọ́n á tiẹ̀ yí èròjà ẹ̀ padà. Bébà wẹ́wẹ́ yìí ò sì láyè ìkọ̀wé, ara ọ̀rá ńlá ni wọ́n ń kọ ọ́ sí."

Inú bí Loretta. Kí ọmọ àná máa kọ́ òun níṣẹ́ lójú àwọn oníbàárà òun! "Ṣé o rò pé màá pa ọmọ ẹ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó fún un ní bisikíìtì lọ́dún tó kọjá náà fẹ́ràn ẹ̀. Ìdajì péré ló jẹ. Ètè ẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa mọ́. Ọlọ́run ló ṣe é, abẹ́rẹ́ pàjáwìrì wà nínú báàgì mi."

Loretta wọ ẹ̀yìn lọ, ó da ike ìdọ̀tí sílẹ̀, ó yọ ọ̀rá náà lábẹ́ èèpo ẹyin, ó sì fi épírọ́ọ̀nù rẹ̀ nù ún. Ó mú un padà wá síwájú, ó gbé awò ojú wọ̀. Ó kà á jáde: "Ẹ̀rọ tí a fi ṣe èyí la fi ń ṣe súìtì ẹlẹ́pà. Ẹ̀pà lè wà nínú rẹ̀."

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ọlọ́run mi. Èmi fúnra mi ni mo so rìbọ́ọ̀nù ẹ̀."

Corinne ti rọra gbé ṣokoléètì náà kalẹ̀. "Ẹ má dààmú, Àǹtí. Mi ò tíì jẹ ẹ́."

"Lọ fi ọṣẹ fọwọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Loretta dìde, ó ń sọ àwọn ìgò kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣíbí kan ṣoṣo ló tún ń wọ gbogbo wọn!"

"Àǹtí, ṣé a ṣì máa rà báyìí?" ni ọkùnrin kan bi í.

"Ẹ ní sùúrù! Bí ẹ ò bá jẹ súìtì fún wákàtí kan, ẹ ò ní kú!"

Lọ́jọ́ Hàlówíìnì, gbogbo ìgò ló ní ṣíbí tirẹ̀, àkọlé tí Loretta gé lára ọ̀rá sì wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Elégédé kan tó kùn láwọ̀ omi òkun wà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ bíi Corinne lè mọ̀ pé pẹ́ńsù ìkọ̀wé àti nǹkan ìṣeré wà fún wọn dípò súìtì. Ó na ṣokoléètì oníràwọ̀ ńlá sí Corinne, ṣùgbọ́n kò tíì jù ú sílẹ̀.

"Ka ohun tí wọ́n fi ṣe é sókè kí n gbọ́."

Corinne kà á láti orí ṣúgà dé ìparí. Gbogbo àwọn tó tò ló dúró dè é, kò sẹ́ni tó kùn. Kò sí ẹ̀pà níbẹ̀, kò sì sí ìkìlọ̀ ẹ̀pà. Ìgbà náà ni Loretta tó jù ú sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ta súìtì àti bisikíìtì ọdún, ẹ má ṣe ju ọ̀rá nù kí ọjà tó tán, ẹ má sì fi ṣíbí kan bọ ìgò méjì. Ẹ̀yin òbí tí oúnjẹ kan ò bá ọmọ yín lára mu, ẹ máa ka àkọlé lọ́dọọdún, kódà lára èyí tọ́mọ yín ti ń jẹ tipẹ́. Èyí tí kò bá ní àkọlé, ẹ má fún un. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ pàjáwìrì ọmọ sílé. Bí ètè bá wú tàbí tí kò mí dáadáa, ẹ gún abẹ́rẹ́ náà fún un ní itan lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì, kódà bó bá dà bíi pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní ọ̀rá súìtì, ẹ má bínú. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ mú délé láàyè.