Aṣọ Pupa Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni obìnrin náà gbé mọ́ àyà wọlé, ó fi gèlè wé e bí ẹni tó gbé ọmọ jòjòló sá fún òjò. Òjò sì ń rọ̀ lóòótọ́. Ó gbọn omi kúrò léjìká, ó kí onífídíò pé ó kú iṣẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín, ni ọkùnrin náà bá gbàgbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó yìn ín, àmọ́ kò mọ àwọ̀ tó jẹ́. Ìyẹn ò jọ ọ́ lójú, torí láti kékeré ni ojú rẹ̀ kò ti mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló mọ àṣírí yìí. Ta ni yóò gbé fídíò wá fún ẹni tí kò mọ pupa?

Aránṣọ ni obìnrin náà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì. Ó ní ìyá òun tó ti ṣaláìsí ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Bàbá òun, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ tún rí wọn kí téèpù tó bàjẹ́ tán, kí onífídíò jọ̀ọ́, kó bá òun gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ rọra ṣe é o," ó ní. "Òun nìkan ló kù."

Onífídíò ní òun máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹni pé ìyá òun ni, ọ̀rọ̀ náà sì dé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò yẹ kó pẹ́, ó fà á gùn. Ẹ má bi mí ìdí. Lónìí ó ní ẹ̀rọ ń fẹ́ ìtọ́jú, lọ́la ó gbé ṣòkòtò lọ kí aránṣọ bá òun gé e kúrú, lọ́tùn-únla bọ́tìnnì já, èmi ò sì lè búra pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló já a. Aránṣọ kì í ṣe ọmọdé. Ó ní irú bọ́tìnnì wo lèyí, tó jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù òun nìkan ló ti ń já. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, "ẹ" di "o" láàárín wọn, ìfẹ́ sì ti wọlé jókòó kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe dàrú. Wáyà mẹ́ta ló ń gbé àwọ̀ láti inú ẹ̀rọ fídíò lọ sínú kọ̀ǹpútà: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Onífídíò ti mọ ihò kálukú lórí, wáyà gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti so òwú mọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ kó lè máa fọwọ́ mọ̀ wọ́n. Àmọ́ eku jẹ wọ́n, àbúrò sì ti lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin yìí ra tuntun, ìtìjú ò jẹ́ kó bi ẹnikẹ́ni, ó fojú díwọ̀n, ó kì wọ́n bọ ihò. Àwòrán jáde, ó dára lójú tirẹ̀, ó sì gbé e fún olólùfẹ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Nílé aránṣọ, bàbá dé fìlà nítorí ìyàwó rẹ̀, ó jókòó. Ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú fídíò. Ojú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, aṣọ pupa tí bàbá fowó ara rẹ̀ rà sì ti di àwọ̀ ewé pátápátá. Kí obìnrin inú fídíò tó la ẹnu, bàbá ti pa fídíò náà.

"Ṣé ìyàwó mi rèé, àbí alángbá?" ni bàbá béèrè. Nígbà tó wá gbọ́ pé ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà ló ń yọjú sí ọmọ òun, ó ní ẹni tó sọ ìyá di alángbá kò ní fẹ́ ọmọ, kó má tẹ ilé òun.

Aránṣọ fi omijé sọ fún onífídíò. Ọkùnrin náà fi sípírítì nu ibi tí ẹ̀rọ fi ń ka téèpù, ó yọ ètò kọ̀ǹpútà, ó tún un fi sí i, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Ó ń tún un ṣe, àmọ́ kò lè mọ̀ bó bá ti dára, ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bó bá sọ òtítọ́, iṣẹ́ lè bọ́, obìnrin lè lọ. Bí kò bá sì sọ, obìnrin ti ń lọ nìyẹn. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Pupa àti àwọ̀ ewé, ọ̀kan náà ni lójú mi," ó ní. "Látìgbà tí mo ti dáyé ni. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."

Aránṣọ bẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò, ó rí wáyà pupa nínú ihò àwọ̀ ewé, ó rí àwọ̀ ewé nínú ihò pupa. Ó wá béèrè pé lọ́jọ́ tó yin aṣọ òun, àwọ̀ wo ló rò pé ó jẹ́.

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rín rẹ ni mò ń wò."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ, tòun ti omijé. Ó na ọwọ́ láti pààrọ̀ wáyà, àmọ́ onífídíò di ọwọ́ náà mú, ó ní iwájú bàbá ni kó ti ṣe é.

Ó ru ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti kásẹ́ẹ̀tì dé ilé tí wọ́n ní kó má tẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ níwájú bàbá kó tó jókòó. Bàbá ní ṣé ẹni tí kò mọ àwọ̀ ló wá ń ṣe fídíò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ̀bi òun sì ni, torí òun kò bi ẹnikẹ́ni.

Aránṣọ pààrọ̀ wáyà. Ìyá yọ lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ pupa, ara rẹ̀ ń dán, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá wò mí o," ni ìyá wí nínú fídíò, "búlúù ni mo rán ọkọ mi, pupa ló rà bọ̀. Àmọ́ ọkọ tó bá lè jẹ́ iṣẹ́ fún mi, ohun tó bá rà ni màá wọ̀."

Bàbá ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé pé búlúù ni. Ó wá wo onífídíò tó ṣì wà lórí ìdúró.

"Jókòó, ọmọ mi. Ẹni tí wọ́n rán ní búlúù tó ra pupa, kí ló fẹ́ fi lé ẹni tí kò mọ pupa?"

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ mú òwú wá sí ṣọ́ọ̀bù onífídíò. Ó so kókó kan mọ́ wáyà pupa, méjì mọ́ àwọ̀ ewé, ó fi búlúù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Onífídíò di ojú, ó fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ wọn, kò ṣi ọ̀kan.

"Bí eku bá tún jẹ wọ́n ńkọ́?"

"Màá tún wọn so."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí ojú èmi náà ò fi ní ríran mọ́, olówó orí mi."

Ọkùnrin náà béèrè àwọ̀ tí aṣọ ìgbéyàwó àwọn máa jẹ́.

"Búlúù," ni aránṣọ dáhùn. "Bàbá ní àwọn fúnra wọn ló máa lọ rà á. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti rán wọn."

Búlúù sì ni àwọ̀ tí ojú onífídíò ń rí kedere.