Ẹ̀rọ Tó Ń Gbàgbé

Ọwọ́ rẹ̀ ni Títílọpẹ́ kọ́kọ́ rí. Ọmọkùnrin náà gorí bẹ́ǹṣì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń po ọṣẹ, ó ń ka ìṣẹ́jú lábẹ́nu.

“Ẹ káàbọ̀, Ẹnjiníà,” ni ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. “Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi?”

“Kíkà nìkan ni mo fẹ́ gbà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Títílọpẹ́ lára, kò purọ́ fún ara rẹ̀.

Ọdún 1994 ni, nílé iṣẹ́ ọṣẹ kan lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Títílọpẹ́ kọ ètò sínú ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa darí ìkòkò: kó po ọṣẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó dà á sílẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ní láàbù yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ geere. Níbí, ọṣẹ ń le koránkorán. Oṣù méjì ni ó fi wá àṣìṣe náà, ọmọkùnrin náà, Ayọ̀ọlá, ń bá a ha ìkòkò, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ìfẹ́ sì wọ ọ̀rọ̀ wọn.

Bàbá Títílọpẹ́, Oyèlárán, gbọ́ ní Ìrẹ̀mọ. “Ṣé torí kí o lè fẹ́ ẹni tí ń po ọṣẹ ni mo ṣe rán ọ níwèé? Bí ẹ̀rọ yẹn ò bá ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀ọ̀, iṣẹ́ báńkì l'Ékòó ló kàn. Kí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn sì tán.”

“Mo gbọ́, sà.” Ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun ò ní lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, NÉPÀ mú iná lọ. Ayọ̀ọlá, tí àṣà kíkà kò tíì fi sílẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri.

“Kí nìyẹn?”

“Ibi tí mo kà á dé. Bí iná bá dé, màá bá a lọ láti ibẹ̀.”

Títílọpẹ́ jókòó. Aago inú ètò tirẹ̀ ń padà sí òdo nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Ọṣẹ tó ti gba ogún ìṣẹ́jú tún ń gba ọgbọ̀n mìíràn lórí rẹ̀. Ní láàbù, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, iná kì í lọ.

“Ayọ̀, mo mà gọ̀ o.”

“O ò gọ̀, olólùfẹ́ mi. O kàn gbẹ́kẹ̀ lé NÉPÀ ni.”

Nígbà tí iná dé, kí Títílọpẹ́ tó dìde níbẹ̀, ó ti fi aago tí kì í gbàgbé iye tó kà rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú ètò náà, aago tí yóò padà sí òdo kìkì bí ọṣẹ bá tán nínú ìkòkò.

Ní Jímọ̀ọ̀, Oyèlárán wá fúnra rẹ̀. Iná lọ ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún. Wọ́n dúró. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ka mẹ́rìnlélógún, ó ń bá a lọ, ó dúró ní ọgbọ̀n, ọṣẹ sì ń ṣàn wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“O káre, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ọ ní èyí?”

Títílọpẹ́ ì bá ti gba ìyìn náà mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Ayọ̀ọlá ni, sà. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.”

Bàbá wo ọmọkùnrin tó ti dọ̀bálẹ̀, tòun ti ọṣẹ lápá. “Ọmọ ta ni ọ́?”

“Ọmọ Ògúndèjì ni mí sà, ní Òkèrèwè.”

“Dìde. Sọ fún Ògúndèjì pé kó kó ẹbí rẹ̀ wá mọ̀ wá ní Ìrẹ̀mọ.”

Ayọ̀ọlá ò tíì dìde. Títílọpẹ́ ló ń wò. “Ẹnjiníà mi, ṣé kí n sọ fún wọn?”

“Sọ fún wọn lónìí,” ni ó wí, “kí NÉPÀ tó mú iná lọ.”