Àmì Tí Mo Rán Mọ́ Àyà

"Ta ló rán jákẹ́ẹ̀tì yìí fún ẹ?"

Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Gbajúmọ̀ ló bi mí níwájú gbogbo kíláàsì. Nígbà tí mo dáhùn pé ìyá mi ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Jákẹ́ẹ̀tì náà gún régé o, ṣùgbọ́n kò ní àmì ilé-iṣẹ́ olówó ńlá tó wà láyà tiwọn. Bẹ́ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni àwọn Gbajúmọ̀ náà ń gbé bíi tiwa!

Aránṣọ ni ìyá mi. Iwájú yàrá wa ló ti ń ṣiṣẹ́, kọ́tìnì ló pààlà láàárín máṣíìnì rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì wa. Láti kékeré ló ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun.

"Rọra," ló máa ń wí. "Aṣọ oníbàárà kì í ṣe àgbàdo tí à ń bó."

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra bọ́tìnnì. Jákẹ́ẹ̀tì ìyàwó dókítà, tó ti bá a gé apá rẹ̀ kúrú, wà lórí máṣíìnì. Àmì yẹn wà láyà rẹ̀. Mo rọra tú u, mo rán an mọ́ tèmi, mo sì ká aṣọ oníbàárà sínú báàgì kí ìyá mi tó dé.

Nígbà tí mo dé iléèwé, Gbajúmọ̀ fọwọ́ pa àmì náà. "Ẹ wo ọmọ yìí! O ti dèèyàn o!" Inú mi dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́.

Mo délé, mo bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn ìyàwó dókítà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá aránṣọ, ẹ wo ibí. Òwú kan ò já. Aránṣọ ló tú èyí! Gbogbo èèyàn tí mo mú wá fún yín, ṣé bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe mí nìyí?"

Mo yọjú wò wọ́n. Ìyá mi fi àtàǹpàkò tọ ihò abẹ́rẹ́ tó kù láyà aṣọ náà. Ẹnìkan péré ló kọ́ níṣẹ́ yẹn.

"Ẹ má bínú, màdáàmù," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ìyá mi, tó máa ń dá ìrépé aṣọ pàápàá padà fún oníbàárà! Ojú tì mí. Mo jáde tèmi tàṣọ ọrùn mi, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni. Màámi ò mọ nǹkan kan."

Mo tú àmì náà níbẹ̀. Mo ń kánjú, òwú ń já pàtì pàtì. Ìyàwó dókítà gbà á, kò bú mi.

"Mo ti gbọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n n ò lè fi aṣọ síbí mọ́."

Kò padà wá, àwọn tó mú wá náà sì lọ. Ìyá mi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé èyí tí mo rán fún ẹ ò dára ni?"

Mo ṣì ń wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, ihò abẹ́rẹ́ ṣì hàn láyà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Orúkọ àwọn tí n kò mọ̀ rí ni mo fẹ́ gbé sáyà, orúkọ rere ìyá mi ni mo sì bà jẹ́ nítorí rẹ̀.