Ẹni tí ó Gba Ìtọ́kọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Èébú ni mo fi kí Nestor Quiala lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó dá ọkọ̀ ojú omi kékeré rẹ̀ ró níwájú afárá Bahia Honda, níbi tí omi ti ń sáré wọ abẹ́ afárá bí ẹni tí wọ́n ń lé, ìdí ọkọ̀ ni ó sì so okùn ìdákọ̀ró mọ́. Omi ti ń bù wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Òun ń to ìwọ̀ ní tirẹ̀.

"Ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ kú ni? Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́!"

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi obìnrin. Ṣé ẹ máa kọ́ mi?"

"Tú u ná. O lè rẹ́rìn-ín tó bá yá."

Ó tú u, mo sì kọ́ ọ. Kí àkókò ẹja táápọ̀n tó kásẹ̀ nílẹ̀, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi ìdáhùn náà ṣiṣẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣàn omi òkun nígbà náà. Bàbá mi, Kápútéènì Alton Pinder, tí ó ń gbé àwọn àlejò lọ pẹja lábẹ́ afárá, wo ìwé ẹ̀rí mi, ó ní ó dára, ó sì ní kí n lọ máa gé ìjẹ ẹja. Láti ayé bàbá rẹ̀, ìdílé Pinder kì í jẹ́ kí obìnrin di ìtọ́kọ̀ mú lábẹ́ afárá. Nínú ọkọ̀ Nestor nìkan ni mo ti ń tukọ̀ ní gbangba.

"Ta ni ará ìlú Hialeah yẹn?" ni bàbá mi máa ń wí nípa Nestor. "Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó ń jẹ́ kí obìnrin wa òun kiri!"

"Ṣe sùúrù, ọmọ mi," ni ìyá mi máa ń wí. "Bàbá rẹ máa rọ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ tò gbọọrọ níwájú afárá, ti bàbá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Táápọ̀n ńlá kan gbé ìwọ̀ Nestor mì. Mo ju okùn ìdákọ̀ró sómi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa tí yóò mú un léfòó dè wá, àwọn yòókù sì ká ìwọ̀ wọn kúrò lọ́nà bí òfin wa ti wí. Ẹja náà gba àárín òpó afárá méjì. Àárín òpó méjì yẹn kan náà ni mo kọjú ọkọ̀ sí. Kò sí ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀: iwájú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé tààrà, ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kú. Bí ọkọ̀ bá dábùú, omi yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó.

"Nestor!" Ohùn bàbá mi ni. "Gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn! Ṣé o kì í ṣe ọkùnrin ni?"

Nestor wò ó. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀, ó fi èjìká tì mí, ó sì gbà á.

Bí ọwọ́ ṣe ń gba lọ́wọ́ ọwọ́, iwájú ọkọ̀ yà. Omi gbé wa ní ìbú lu òpó. Mo na ọwọ́ òsì láti fi dá a dúró, mo sì gbọ́ tí egungun ọrùn ọwọ́ mi kán.

"Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?" ni bàbá mi ń pariwo ní èbúté, níṣojú gbogbo atukọ̀. "Obìnrin nídìí ìtọ́kọ̀! Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin yìí tó gbà á, òkú là bá máa gbé!"

Mo wo Nestor. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń wò.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí bàbá mi fi ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Àìkú, pé òun ti gbà kí ó fẹ́ mi. Ìyá mi ń jó nínú ilé ìdáná. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn mi fi tutù.

Nestor wá bá mi ní ìloro. "Àyànfẹ́ mi, ṣebí ó ti gbà? Ká jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì ṣáà mọ òótọ́."

"Ṣé àwa méjèèjì nìkan ló gbọ́ irọ́ náà ni?"

"Tí mo bá sọ ọ́, yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà."

"Ta ni ó fi mí fún? Ọkùnrin tó gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ ọkùnrin yẹn."

"Ẹ̀rù bàbá rẹ bà mí, Marlys."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù òpó afárá ba èmi náà, n kò sì yà kúrò lọ́nà."

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹja díndín àti àkàrà ìgbín òkun wà lórí tábìlì. Roscoe, àbúrò bàbá mi, tí ọkọ̀ tirẹ̀ náà wà lórí ìlà lọ́jọ́ yẹn, wà níbẹ̀. Bàbá mi gbé ife sókè. "Ọmọ mi ọkùnrin..."

Nestor dìde. "Ẹ má tíì pè mí bẹ́ẹ̀, sà. Marlys ti kọjú ọkọ̀ sọ́nà tààrà. Èmi ni mo tì í. Ọwọ́ mi ni ọkọ̀ ti yà. Èmi ni mo kán an lọ́wọ́, èmi náà ni mo sì dákẹ́ nígbà tí ẹ ń bú u."

"Èmi ni mo ní kí o gbà á," ni bàbá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á."

Roscoe wú ikọ́. "Alton, òótọ́ ló sọ. Iwájú ọkọ̀ yẹn tọ́ bí abẹ́rẹ́ kó o tó pariwo."

"Ẹ rí i, Bọ̀ọ̀dá Roscoe?" ni mo bi í. "Ẹ rí i, ẹ sì dákẹ́ ní èbúté?"

Ó bu ẹja díndín sí àwo rẹ̀.

Bàbá mi na ìka sí ilẹ̀kùn. "Jáde, Nestor. Ìwọ Marlys, tí o bá tẹ̀ lé e, o kò ní jẹun lórí tábìlì yìí mọ́."

Mo parí àkàrà tó wà lọ́wọ́ mi. Mo nu ẹnu. Mo sì tẹ̀ lé e.

Níwájú adájọ́ tó so wá pọ̀ ní Key West, ìyá mi nìkan ló wá láti ilé wa, fìlà ńlá bò ó lójú. Nestor mú òrùka dání, ó wo ọwọ́ òsì mi nínú ẹfun líle tí dókítà fi dè é, omi sì lé sí i lójú.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?" ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó ń bí mi gan-an," ni mo dá a lóhùn, mo sì na ọwọ́ ọ̀tún sí i.