Iyọ̀ Ló Jẹ

"Na ahọ́n ẹ síta! Ẹni tó bá yọjú wò, a ò ní mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn panápaná o!"

Àbíkẹ́yìn na ahọ́n síta gbọọrọ. Wọ́n ti fi aṣọ dí i lójú. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin fi ṣíbí kékeré bu nǹkan funfun bíńtín lé e láhọ́n.

"Iyọ̀!"

"Ó gbà á! Kílódé, ó kàn ẹ́."

Kílódé kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọmọkùnrin yẹn o. Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ayé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, Àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn méjèèjì ò lọ sílé ìwé, màmá wọn ló ń kọ́ wọn nílé. "Ọwọ́ lọmọdé fi ń kàwé kó tó fojú kà á," ohun tí màmá máa ń sọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọṣẹ ni màmá ń ṣe, nítorí náà ọṣẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Wọ́n á fi okùn wọn òjìji igi. Wọ́n á gbin ẹ̀wà sínú agolo. Wọ́n á tún jáde lọ wo bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, bí mẹkáníìkì ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn panápaná ló kàn.

Ṣùgbọ́n màmá ti gbé ọṣẹ lọ fún oníbàárà láàárọ̀, ó sì ní kí àgbà ọmọ ẹ̀ tó wà ní họlidé kọ́ àwọn àbúrò ẹ̀: kí wọ́n fi ahọ́n mọ ohun tójú ò rí. Kó tó jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Má fi wọ́n sílẹ̀ o. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ọṣẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi, Màmá."

"Kó má kúrò níbẹ̀. Sódà tí mo fi ń ṣọṣẹ, ẹran ara ló ń jẹ bí iná."

"Ẹ̀ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, mà."

Òótọ́ ni, ojoojúmọ́ ni màmá ń sọ ọ́.

Wọ́n ṣì ń tọ́ ṣúgà wò nígbà tí ẹnìkan kan fèrèsé. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ni.

"Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi! Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà!"

"Ṣé wọ́n ti sanwó oṣù fún yín, àbí ṣíbí ṣúgà ni owó oṣù?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọbìnrin náà débi pé ó ju ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi fóònù ya fídíò ijó ní ìkóríta, òun nìkan ló sì kù.

"Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n níyẹ̀ẹ́ ni, tí wọ́n á fò lọ? Orin kan péré ni, jàre! Tó ò bá wá, a máa pe ẹlòmíì."

Ẹlòmíì yẹn ló dùn ún jù. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, torí ta ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn jó nínú fídíò? Ó fi í sórí tábìlì.

"Kílódé, ìwọ ni tíṣà títí n ó fi dé."

Áà, inú ọmọ yẹn dùn! Ó nàró ṣánṣán bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Orin kan di méjì, ó di mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn padà dé, ó gbọ́ igbe kan látẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe bí Àbíkẹ́yìn ṣe máa ń sunkún. Ó tín-ín-rín, bí igbe ọmọ ológbò. Ó sáré wọlé. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ọmọ, ètè ẹ̀ ti wú, ahọ́n ẹ̀ ti funfun. Abọ́ sódà wà lórí tábìlì, ṣíbí sì wà nínú ẹ̀.

"Ó ti mọ iyọ̀, ó ti mọ ṣúgà," Kílódé ń wí. "Mo ní kí n wá tuntun fún un ní yàrá ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó ń ṣe báyìí?"

Wọ́n ní bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Tiẹ̀ náà ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Ó gbé abọ́ sódà padà sí yàrá ọṣẹ, ó tilẹ̀kùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló di Kílódé léjìká mú.

"Iyọ̀ ló jẹ. Ṣé o gbọ́? Tó o bá sọ nǹkan míì, ọlọ́pàá máa wá gbé ẹ lọ, o ò ní rí Màmá mọ́ láyé."

Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́. Kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ó gbé Àbíkẹ́yìn, ó di ọ̀dọ̀ ìyá oníkẹ́míìsì tó wà ní ojúlé kejì.

"Kí ló jẹ?"

"Iyọ̀ ni, mà."

"Irú iyọ̀ wo ló ń ṣe ẹnu báyìí?"

"Ó pọ̀ gan-an ni, mà. Èmi ni mo wà níbẹ̀, mo rí i."

Ìyá náà gbà á gbọ́. Ó ní iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dúró níkùn ọmọdé. Ó fún un lómi mu, ó sì ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ kó lè bì. Ọmọ náà bì. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ohun tó bì.

"Yéè! Èyí kì í ṣe iyọ̀ o! Ẹ bá mi pe ọkọ̀!"

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tan iná sí ẹnu ọmọ náà. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n ló ń wò.

"Ọmọ mi, iyọ̀ kì í bó ahọ́n. Mi ò fẹ́ nà ẹ́, mi ò sì fẹ́ bú ẹ. Ohun tó jẹ ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè mọ ohun tí màá ṣe. Kí ló jẹ?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo Àbíkẹ́yìn, tí àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá.

"Sódà ni, mà. Sódà ọṣẹ. Mi ò sí nílé."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ta ló ní kó bì? Nígbà tí sódà yẹn ń wọlé, ó jó o. Nígbà tó ń jáde, ó tún jó o. Ká ní ẹ sọ òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní jẹ́ kó bì."

Màmá dé, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára aṣọ ẹ̀. Kò pariwo, kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ mú.

Àbíkẹ́yìn ò kú. Ṣùgbọ́n egbò tó jinná lọ́fun ẹ̀ ti fún ọ̀nà oúnjẹ pa. Rọ́bà kan tí wọ́n ti bọ inú ikùn ẹ̀ ni wọ́n ń da oúnjẹ sí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ṣì máa tún ṣe òmíì. Tó bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ gbétí sún mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń da oúnjẹ sí rọ́bà yẹn láràárọ̀. Bó ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ni Kílódé bá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ sódà yẹn, ọmọ náà ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́, wọ́n sì rò pé ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ṣé àwọn ọlọ́pàá ni?"

Ìgbà yẹn ló tó yé ọmọbìnrin náà. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, ọmọ ọdún méje ti ń dúró de ẹni tó máa wá mú un. Ó nà sílẹ̀ gbalaja, ó wọ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sùn tì í.

"Gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ yín, èmi ni mo lọ jó. Àìsínílé yẹn burú, àmọ́ irọ́ tí mo pa ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, mo sì tún gbé e lé ìwọ lórí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí mo sọ fún ẹ, irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá mú ẹ."

Kílódé wojú ẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá irọ́ míì nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kó yáa sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè gba ẹnìkan là. Torí ẹni tá a bá ti purọ́ fún rí, ó máa pẹ́ kó tó tún lè gba òótọ́ wa gbọ́. Ọjọ́ yẹn, títí oúnjẹ Àbíkẹ́yìn fi tutù, Kílódé ò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.