Epo Tó Ń Ronú

"Kí o tó ṣẹ́jú, epo mi á ti gbiná!"

Ohun tí Callum, tó ń fọ epo, kọ́kọ́ bá Despina, tó ń dán epo wò, sọ nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò iléeṣẹ́ ìfọpo tó wà lẹ́nu odò Brisbane ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ó lu àyà bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Despina gba ìgò epo dísù tó mú wá, ó dà á sínú ẹ̀rọ ìdánwò. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ dákẹ́, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn: kó! kó! kó!

"Ẹ̀gbọ́n, epo yín ṣì ń ronú. Kó tó gbiná, ilẹ̀ á ṣú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Callum lára bí atẹ́gùn òkun. Ìfẹ́ dé nìyẹn.

Àwọn ègé epo náà kan so kọ́ra bí òrùka tíntìntín tí ojú ò lè rí; àwọn òrùka yìí ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́ láti tètè gbiná. Iṣẹ́ Callum ni kó fi ooru àti gáàsì háídírójìn tú wọn. Nígbà tí Stamatis, bàbá Despina, gbọ́ pé Callum fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fọ́ òrùka, òun náà ló fẹ́ mú òrùka wá bá ọmọ mi? Ọkọ̀ tí mo fi ń pa edé ń wúkọ́ láràárọ̀ nítorí epo ẹ̀! Bó bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, mo gbà. Bí ò bá jí, kó wáyàwó síbòmíràn."

Callum padà sídìí iṣẹ́. Ó fi kún gáàsì, ó jẹ́ kí epo máa rọra kọjá. Despina dán an wò, ẹ̀rọ ń kùn jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó yó.

"Kò ronú mọ́, olólùfẹ́ mi."

Ní òwúrọ̀ tútù kan, ìkùukùu bo omi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ edé, wọ́n da epo tuntun náà sí i, Stamatis sì yí kọ́kọ́rọ́. Gbùú! Ọkọ̀ jí.

"Ó dáa, afọ́nnu. Epo ti sọ tiẹ̀. Sọ tìẹ!"

Callum lanu. Ó ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

"Ó ń ronú," ni Stamatis wí.

Despina bá yọ òrùka ìyá àgbà rẹ̀ lápò. "Callum, ṣé wàá fẹ́…"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Wọ́n dì mọ́ra. Ó ń ṣe Callum bíi pé ọkọ̀ ń gbé wọn lọ, wọ́n kọjá àwọn erékùṣù, wọ́n dé ibi tí ojú ọ̀run ti ń fẹnu ko omi, àwọn ọmọ ń pè wọ́n, irun wọn jọ ń funfun.

"Bàbá," Despina sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ibo la dé báyìí?"

"Èbúté náà la ṣì wà. Ẹnì kankan ò tíì tú okùn ọkọ̀."