Etí Tó Ń Ṣọ́ Bodè

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹnu bodè lẹ́yìn ogun, kò sẹ́ni tó lè jókòó sílé. Àwọn obìnrin yọ aṣọ tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn àpótí ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló bìkítà? Agbádá etù ń gbálẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ń dún lọ́rùn. Lẹ́yìn odi, àwọn oníṣòwò ọ̀nà jíjìn ti dé: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń ké, ẹrù iyọ̀ ń balẹ̀ gbì, gbì.

Níwájú ilẹ̀kùn ńlá ni Oníbodè dúró. Bàbá rẹ̀ ló ṣọ́ ọ kó tó kàn án, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Ní gbogbo ọdún ogun, etí ọkùnrin yìí ni ìlú fi ń sùn. Kábíyèsí ti ní ọwọ́ mìíràn kò gbọdọ̀ fa ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ ayọ̀.

Ó nawọ́. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, nítorí kálukú fẹ́ gbọ́ bí igi náà yóò ṣe dún.

Bí àyà Oníbodè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì nìyẹn. Òógùn bò ó. Ó dá a lójú pé ikú ló dé. Ló bá yí padà, ó sá gba àárín èrò kọjá, agbádá rẹ̀ ya. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ṣílẹ̀kùn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìránṣẹ́ ààfin ti dé ilé rẹ̀.

“Oníbodè, Kábíyèsí ní kí n kí ọ.”

Oníbodè dọ̀bálẹ̀. “Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀.”

“Bí oṣù tuntun bá lé, ọba tá a bá jagun ń bọ̀ wá parí ìjà. Ìwọ ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bí o bá tún sá, ẹlòmíràn ni yóò gba bodè.”

Ahunṣọ, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ ọ láti inú ilé, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ta ni yóò máa jẹ́ Oníbodè tí kò ní bodè? Láti ọjọ́ tí ogun ti parí, ọkọ rẹ̀ kì í sùn. Nítorí ìfẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ti dá gbogbo òfì agbo ilé dúró. Ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó lé ewúrẹ́ jìnnà. Àkùkọ kan tó ṣàṣìṣe tó kọ lọ́sàn-án, inú ọbẹ̀ ló sùn sí. Síbẹ̀, bí ilé ṣe ń dákẹ́ sí i ni ojú ọkọ rẹ̀ ń là sí i.

Ó wá ránṣẹ́ pe Elégbòogi, arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Ẹ kú ilé o. Ṣé òkú wà níbí ni?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìyá. Kí lẹ rí?”

“Ilé ahunṣọ, tí mi ò gbọ́ òfì kankan.”

“A dákẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ lè sùn ni.”

“Ó wá sùn?”

Ìyá kọjú sí Oníbodè. “Ọmọ mi, lójú ogun, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ọ̀tá ti dé tòsí?”

“Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ á dákẹ́, ìyá. Kòkòrò á dákẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pa lọ́lọ́ báyìí, wọ́n ti wà nínú koríko nìyẹn.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ìyàwó, o fẹ́ràn ọkọ rẹ débi pé o lọ kó ogun wọlé fún un.”

“Ewé wo la máa wá lò?”

“Kò sí ewé nínú àpò mi tó lè sọ fún etí pé ogun ti tán. Etí fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni òfì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ padà, ewúrẹ́ padà, ariwo wọn sì kún gbogbo agbo ilé. Ìyá ní bí Oníbodè bá dùbúlẹ̀ tí oorun kò wá, kó má bá ẹní jà, kó dìde lọ wé òwú títí ojú á fi wúwo.

“Ọkọ mi, ṣé òwú lẹ wé yìí, àbí ìtẹ́ ẹyẹ?” ni Ahunṣọ bi í.

“Ẹyẹ tó bá fẹ́, kó wá yé sí i.”

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ti àyà lílù ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni ìyá ń mú un lọ sí ọ̀nà bodè. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n dúró lókèèrè réré. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sún mọ́ ọn díẹ̀.

“Bí ẹ̀rù bá dé, má sá. Jókòó tì í. Mí sínú díẹ̀, kó o mí jáde pẹ́, bí ẹni ń fẹ́ omi gbígbóná. Ẹ̀rù kò lè lu àyà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Á rẹ̀ ẹ́.”

“Ìyá, mo ń kú lọ.”

“O wí bẹ́ẹ̀ lánàá. Mí jáde.”

Oṣù lé. Ọba àlejò dé ẹ̀yìn odi pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, kàkàkí ń dún. Gbogbo ìlú dúró, wọ́n di èémí mú. Oníbodè nawọ́, àyà bá tún gbéra, kì-kì-kì.

Kò sá. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí ilẹ̀ níwájú Kábíyèsí, ó ń mí jáde. Ẹnu ya àwọn èèyàn, wọ́n tún wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ahunṣọ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. “Ẹ̀yin ará ilé, kí lẹ dákẹ́ bí olè sí? Ẹ máa sọ̀rọ̀ ojàre.”

Àwọn ahunṣọ agbo ilé rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé wọ́n tẹ òun lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tóbi jù. Ariwo gba ibẹ̀ kan. Oníbodè mí jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára agbádá, ó fa ọ̀pá. Ilẹ̀kùn ké, ọ̀nà là gbalaja.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Kábíyèsí fi aṣọ àrán rán ìránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ fi sáré padà, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kábíyèsí, Oníbodè ti sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń hanrun, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.”

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Lásìkò ogun, orí ni wọ́n fi ń san ìyẹn. Kábíyèsí wo ọba àlejò. Ọba àlejò wo Kábíyèsí.

“Ẹ fi aṣọ náà bò ó,” ni Kábíyèsí wí. “Ẹ má jí i.”

Títí àwọn ará ìlú yẹn fi darúgbó, bí ẹ bá bi wọ́n ní ọjọ́ tí ogun parí, wọn kì í sọ ọjọ́ tí ọba méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní, ọ̀sán tí Oníbodè hanrun ni.